Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Adájọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò jìnnà sí ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọ̀rẹ́ méjì, òun ni a kọ́kọ́ máa ń fi là wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ẹni tó gbọ́ ti apá méjèèjì ńkọ́, tó wọ aṣọ dúdú, tó mọ òfin dunjú, tó sì tún dá ẹjọ́ náà ṣì? Kí ni a ó pe ìyẹn? Ìbéèrè yìí ni eré orí tẹlifíṣàn kan láti ilẹ̀ Jàpáànì gbé ka iwájú wa, a kò sì fẹ́ kí ó kọjá lọ láìsọ tẹnu wa.

Orúkọ eré náà ni Ichikei no Karasu. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Fuji ló gbé e jáde ní alaalẹ́ ọjọ́ Ajé, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 2021. Apá 11 ni. Inú ìwé ìtàn aláwòrán tí Asami Rito ṣe, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Morning, ni wọ́n ti mú un. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n tún fi ṣe sinimá. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò le. "Ichikei" ni ìnagijẹ ẹ̀ka kìn-ín-ní tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn. "Karasu" sì ni ẹyẹ kannakánná. Kannakánná tiwa ní funfun láyà, ṣùgbọ́n tiwọn dúdú láti àgógó dé ìrù, bí aṣọ tí àwọn adájọ́ wọn ń wọ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n máa ń sọ lọ́hùn-ún pé ìdí tí aṣọ adájọ́ fi dúdú ni pé kò sí àwọ̀ mìíràn tó lè mú un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn àga adájọ́

Ohun tó mú kí eré yìí yàtọ̀ kò fara sin. Ọ̀pọ̀ eré ilé ẹjọ́ tí aráyé mọ̀, ẹ̀yìn lọ́yà ni wọ́n máa ń tẹ̀lé. Perry Mason ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1957 sí 1966, lọ́yà ni akọni ibẹ̀. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, adájọ́ a jókòó sókè bí ère, a fi òòlù lu tábìlì, a ní kí wọ́n dákẹ́, ó parí. A kì í mọ bóyá ó sùn lóru àná tàbí kò sùn. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn òbí wa kò ní ṣàì rántí Kóòtù Aṣípa tí olóògbé Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ń ṣe lórí tẹlifíṣàn NTA Ìbàdàn. Níbẹ̀, olóyè tó ń dájọ́ ló ni orúkọ eré. Nítorí náà, kí adájọ́ jẹ́ ojú ọwọ́n eré kò ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ohun tó ṣe àjèjì ni kí a bá adájọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń kó fáìlì jọ, tó ń jẹun, tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn, tí ojú sì ń tì í.

Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nítorí pé adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó pọ̀ lórí ọ̀ràn ńlá nílẹ̀ Jàpáànì. Takenouchi Yutaka ló ṣe Iruma Michio, adájọ́ onírùngbọ̀n tí ìṣe rẹ̀ kò jọ ti adájọ́ rárá. Kuroki Haru ló ṣe Sakama Chizuru, ọ̀dọ́mọbìnrin adájọ́ tí kò fẹ́ kí ìlà kan wọ́ nínú òfin. Kohinata Fumiyo ló ṣe Komazawa Yoshio, àgbà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà. Lọ́yà ni Iruma tẹ́lẹ̀ kó tó di adájọ́. Ní tiwa níhìn-ín, èyí kì í ṣe ìròyìn, nítorí òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò bá di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga gbọ́dọ̀ ti jẹ́ lọ́yà fún ọdún 10 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Jàpáànì, ìdájọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege nínú ìdánwò òfin, tó sì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n lè mú un ní igbákejì adájọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 10, wọn yóò máa gbé e kiri láti ìlú dé ìlú ní ọdún díẹ̀ díẹ̀. Adájọ́ tó ti jẹ́ lọ́yà rí kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Ìdí nìyẹn tí Iruma fi dà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Kí ni Sakama wá ṣe ní Ichikei? Wọ́n rán an wá kí ó wá bá wọn dín ẹjọ́ tó ti gọ jọ kù ni. Bí ẹjọ́ tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń parí lọ, gbèsè ti dé nìyẹn. Àwọn ọ̀gá lókè yóò sì máa wo ìwé. Sakama fẹ́ kí fáìlì máa lọ. Iruma kò kánjú. Bí ohun kan kò bá yé e, yóò dá ìgbẹ́jọ́ dúró, yóò ní òun fẹ́ lo àṣẹ tí òfin fún ilé ẹjọ́, òun fẹ́ lọ fojú ara òun rí ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ni gbogbo wọn yóò bá gbéra: adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba, lọ́yà olùjẹ́jọ́, àti akọ̀wé kóòtù. Sakama yóò máa wo aago.

Àríyànjiyàn tiwa

A kò fẹnu kò lórí eré yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin láàrin wa ní irọ́ ni, pé adájọ́ tó bá jáde lọ wá ẹ̀rí kiri ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà. Wọ́n ní bí rẹfirí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù, ta ni yóò fọn fèrè? Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlànà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí adájọ́ jókòó jẹ́jẹ́, kí ó jẹ́ kí apá méjèèjì kó ẹ̀rí wọn wá, kí ó sì wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n a ní ìdáhùn méjì. Èkíní, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ilẹ̀ Jàpáànì fúnra rẹ̀ gbà pé bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ, ó lè pè fún ẹ̀rí láìjẹ́ pé apá kan ló béèrè fún un. Àṣẹ náà wà nínú ìwé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹnikẹ́ni lò ó bí Iruma ti ń lò ó. Èkejì, lílọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe gbígbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní ilé ẹjọ́ tiwa níhìn-ín pàápàá, bí ìjà bá wà lórí ilẹ̀, adájọ́ lè kó apá méjèèjì lẹ́yìn lọ wo ààlà. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ojúsàájú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀sùn tí àwa fi kan eré náà kì í ṣe pé adájọ́ jáde. Ẹ̀sùn tiwa ni pé kò sí ìgbà tó jáde tí kì í bá ohun tó ń wá. Wákàtí kan péré, òtítọ́ ti dé, òpùrọ́ ti jẹ́wọ́, ẹni tó jàre ti ń sunkún ayọ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a jiyàn díẹ̀, ohùn wọn a sì sábà ṣọ̀kan kí apá náà tó parí. Bí ṣúgà ni. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣe oúnjẹ, ebi yóò pa wá. Nítorí pé ilẹ̀ tí eré yìí ti wá, ohun mìíràn ni ìwé ìdájọ́ rẹ̀ ń sọ.

Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún

Nílẹ̀ Jàpáànì, nínú 100 ènìyàn tí agbẹjọ́rò ìjọba bá gbé dé iwájú adájọ́ lórí ọ̀ràn, ó lé ní 99 tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn tó ń gbèjà ètò náà ní ìdí tí wọ́n ń tọ́ka sí. Wọ́n ní àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kì í gbé ẹjọ́ tí kò dá wọn lójú lọ sí kóòtù. Púpọ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ ló ti jẹ́wọ́ kó tó débẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ni pé wọ́n lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọjọ́ 23 lórí ẹ̀sùn kan kí wọ́n tó kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí wọ́n sì máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ láìsí lọ́yà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni kò ní jẹ́wọ́?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa wà. Nígbà tí àwa bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ tó wọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni rìbá. Ẹni tó ní owó ló jàre, a ó wí bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo adájọ́ kan tí kò gba kọ́bọ̀ rí, tó ń tètè dé ibi iṣẹ́, tó ń ka gbogbo ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n mú ẹnì kan wá, ó jẹ̀bi. Lọ́sàn-án, wọ́n mú òmíràn wá, òun náà jẹ̀bi. Ọdún kan, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí aláìṣẹ̀ kan ṣoṣo bá dúró níwájú rẹ̀, ǹjẹ́ etí rẹ̀ yóò ṣì lè gbọ́ ohùn ẹni náà? Owó kò bà á jẹ́. Àṣà ló bà á jẹ́. Aṣọ dúdú tí wọ́n ní kò sí àwọ̀ tó lè mú un, eruku ń bà lé e díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì rí i.

Ohun tí Ichikei no Karasu mọ̀ dáadáa nìyí, òun sì ni a fi ń yìn ín. Sakama kì í ṣe ènìyàn burúkú. Olóòótọ́ ni, ọlọ́gbọ́n ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ewu tó wà lára rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ parí. Mélòó nínú wa ni kì í ṣe Sakama?

Ọkùnrin tó fi ọdún 58 dúró de ìdájọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi eré sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1966, wọ́n pa ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kan ní àgbègbè Shizuoka, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Baálé ilé náà jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe miso, èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni Hakamada Iwao, tó ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò rí. Ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n mú un. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí ó fi jẹ́wọ́. Nígbà tó dé kóòtù, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwé ìjẹ́wọ́ 45 ni wọ́n kó wá. Ilé ẹjọ́ da 44 nù, wọ́n sì gba ẹyọ kan. Ní ọdún 1967, nígbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn rí aṣọ márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn nínú àgbá miso, ọdún kan ó lé lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ènìyàn náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968, wọ́n dá ikú fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí Hakamada wọ ṣòkòtò tó wà lára aṣọ wọ̀nyí wò. Kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀.  Síbẹ̀síbẹ̀, ní ọdún 1980, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú náà.

Ẹ má gbàgbé pé nílẹ̀ Jàpáànì, ẹni tí wọ́n dá ikú fún kì í mọ ọjọ́ tí wọn yóò so òun kọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Àràárọ̀ ni Hakamada ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú níkẹyìn. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ Shizuoka ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kúrò ní àhámọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga Tokyo yí ìyẹn padà. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga gbà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Shizuoka dá a láre, ó sì sọ pé ayédèrú ni aṣọ inú àgbá yẹn, pé àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn ló ṣètò rẹ̀. Ẹni ọdún 88 ni Hakamada nígbà náà. Ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hideko, ẹni ọdún 91, ló jókòó dípò rẹ̀. Olórí àwọn adájọ́ náà bẹ ìyá àgbà yìí pé kó má bínú pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jọ̀wọ́, ogún ọdún kọ́ ni ti Hakamada. Ọdún 58 ni.

Adájọ́ kẹta

Ibi tí ìtàn yìí ti kan eré wa nìyí. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó lórí ẹjọ́ Hakamada ní 1968. Ọ̀kan nínú wọn ni Kumamoto Norimichi, ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni pé òun kò gbà pé ọkùnrin yẹn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù gbà, méjì sì ju ọ̀kan lọ. Òun ni iṣẹ́ kíkọ ìdájọ́ náà já lé lọ́wọ́. Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ adájọ́ sílẹ̀.

Òfin wọn sọ pé ohun tí àwọn adájọ́ bá sọ nínú yàrá ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Kumamoto pa á mọ́ fún ọdún 39. Ní ọdún 2007, ó jáde síta, ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òun gbà gbọ́ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí òun kọ ìdájọ́ ikú fún. Ní 2018, ó fojú kan Hakamada. Ní 2020, ó kú. Kò pẹ́ ayé débi tí yóò gbọ́ ìdájọ́ 2024.

Àwọn kan láàrin wa ní ojo ni. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ akọ, ìbá ti ju bírò sílẹ̀ ní 1968, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́. Àwọn mìíràn ní akọni ni, nítorí òun nìkan ló tú àṣírí. Ní tiwa, a kò ní fi orúkọ kan ṣoṣo pè é. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀, kò sí bí a ṣe lè fi omi wẹ ọwọ́ yẹn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye adájọ́ tó fọwọ́ kan fáìlì náà láti 1968 wá, láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, òun nìkan ló dá ẹjọ́ ara rẹ̀ ní gbangba, tó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó dùn wá ni pé Hakamada ṣì wà nínú yàrá àwọn tí wọ́n dá ikú fún ní gbogbo ọdún 39 tí ẹnu náà fi wà ní dídì.

Yàrá yẹn gan-an ni a ń retí pé kí eré tẹlifíṣàn gbé wa lọ: ènìyàn mẹ́ta, tábìlì kan, méjì sí ọ̀kan, tí ẹnì kẹta sì ní láti kọ ọ́. Kí ó má sí ẹ̀rí tuntun tí yóò jábọ́ láti òkè ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn.

Ìrẹsì tí adájọ́ kò jẹ

Kí a má dà bí ẹni pé a kò mọ̀ ju ẹ̀bi adájọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Yamaguchi Yoshitada. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ wọ́n nílẹ̀ Jàpáànì bí ojú. Ìjọba ń pín in ní ìwọ̀nba, òfin sì de ẹnikẹ́ni tó bá ra ìrẹsì ní ọjà fàyàwọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba náà kò lè gbé ènìyàn ró. Bí ènìyàn kò bá fẹ́ kú, àfi kó rú òfin. Adájọ́ ni Yamaguchi ní Tokyo, àwọn tó ra ìrẹsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kó wá síwájú rẹ̀. Ó ń dá wọn lẹ́bi nítorí òfin ni òfin. Nígbà tó yá, ó pinnu pé òun kò lè máa fi àwọn ènìyàn sẹ́wọ̀n lọ́sàn-án, kí òun wá jẹ ìrẹsì kan náà lálẹ́. Ohun tí ìjọba pín nìkan ni yóò jẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947, ebi pa á kú. Ẹni ọdún 33 ni, ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn NHK ṣe eré alárààárọ̀ kan tí wọ́n pè ní Tora ni Tsubasa. Ito Sairi ló ṣe akọni ibẹ̀. Wọ́n gbé e ka ìgbésí ayé Mibuchi Yoshiko, ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́ta tó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò láti di lọ́yà nílẹ̀ Jàpáànì ní 1938, tó di adájọ́ lẹ́yìn ogun, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé ẹjọ́ ẹbí ní 1972. Inú eré yẹn ni ẹ̀dá ìtàn kan wà tó kú irú ikú Yamaguchi.

Kò sí ẹni tó lè gba adájọ́ níyànjú pé kí ó fi ebi pa ara rẹ̀. Ikú rẹ̀ kò sọ ìrẹsì di púpọ̀. A tilẹ̀ lè bi í pé bí òfin bá le débi pé ẹni tó ń pa á mọ́ yóò kú, ṣé ẹni tó rú u ló yẹ kó ṣẹ̀wọ̀n? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ó wọn ara rẹ̀ lórí ìwọ̀n tó fi ń wọn ẹlòmíràn. Kumamoto fi ẹnu ṣe é lẹ́yìn ọdún 39; Yamaguchi fi ikùn ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé adájọ́ kò ga ju ẹjọ́ lọ.

Kí ni kí a mú níbẹ̀?

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ló kan àwa pẹ̀lú ẹjọ́ ilẹ̀ Jàpáànì. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, èdè rẹ̀ kò yé wa, ìwé tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù ni a fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìdáhùn wa ni pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ilẹ̀ Jàpáànì ti ń mú ará ìlú lásán, ènìyàn mẹ́fà, láti jókòó ti adájọ́ mẹ́ta lórí ọ̀ràn ńlá. Oníṣòwò lè wà níbẹ̀, awakọ̀ lè wà níbẹ̀, ìyàwó ilé lè wà níbẹ̀. Wọn a jọ pinnu bóyá ẹni náà jẹ̀bi, àti iye ọdún tí yóò lò lẹ́wọ̀n. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń wo Ichikei no Karasu nínú pálọ̀ rẹ̀ lè gba lẹ́tà lọ́la pé ó ti kàn án. Kì í ṣe eré lásán lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó sì kan àwa náà, bí lẹ́tà kankan kò tilẹ̀ dé. Àwọn kan nínú wa ń kọ́ òfin lọ́wọ́, wọn yóò jókòó lórí àga yẹn lọ́jọ́ kan. Àwọn yòókù yóò jẹ́ olórí ẹbí, ọ̀gá ilé iṣẹ́, olùkọ́, ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Ìgbà gbogbo ni ènìyàn mẹ́ta yóò máa jókòó lórí ọ̀ràn ẹnì kan, tí ilẹ̀ yóò máa ṣú, tí olúkúlùkù yóò fẹ́ lọ sílé, tí ẹnì kan nínú wọn yóò sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé nǹkan ibẹ̀ kò tọ̀nà. Yóò wo ojú àwọn méjì yòókù. Yóò wo aago.

Nítorí náà, èrò wa nípa eré yìí kò lọ́jú pọ̀. Ó ṣe rere bí ó ti mú wa lọ sẹ́yìn àga adájọ́, tó fi hàn wá pé ènìyàn ló jókòó níbẹ̀, pé ìkánjú sì lè pa aláìṣẹ̀ bí rìbá ti lè pa á. Ó kù díẹ̀ káàtó bí ó ti jẹ́ kí a rò pé akọni kan onírùngbọ̀n yóò máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo láti béèrè ìbéèrè tó kù. Ní 1968, kò sí Iruma ní Shizuoka. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó tọ́, tí bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo eré náà bí ẹ bá rí i, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwọ bá di ẹnì kẹta níbi tábìlì, tí ọ̀ràn náà kò dá ọ lójú, má ṣe dúró de ẹ̀rí tí yóò jábọ́ láti òkè, má sì dúró di ọdún 39. Sọ ọ́ kí o tó fọwọ́ sí i.